Helvi Rautio, Obìnrin Tó Ń Gbin Igi Sórí Omi

Ní Erékùṣù Hollis, nínú adágún ńlá Superior, iṣẹ́ igi Kérésìmesì kì í parí lọ́jọ́ tí wọ́n bá tú ohun ọ̀ṣọ́ kúrò lára rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Kálukú á wọ́ tirẹ̀ lọ sí etí omi, á jù ú síbẹ̀, á sì bá tirẹ̀ lọ. Nígbà tí yìnyín bá ki débi tó lè gbé mọ́tò, ẹnì kan á kó àwọn igi náà sórí pákó tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀, á gbẹ́ ihò sínú yìnyín, á ki ìdí igi bọ inú rẹ̀, á da omi lé e. Kí ènìyàn tó mu ife kọfí kan tán, igi ti dúró gbagidi, àfi bí ẹni pé ibẹ̀ ló gbé hù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń to igi láti èbúté Port Amery títí dé erékùṣù, máìlì méjì gbáko. Ìlà igi yìí ni ọ̀nà. Nígbà tí afẹ́fẹ́ bá gbé òjò dídì dìde tí ènìyàn kò rí ọwọ́ ara rẹ̀, láti igi dé igi ni awakọ̀ ń rìn bí afọ́jú tó ń tọ ògiri.

Òfin kan ṣoṣo ló wà lórí ọ̀nà náà, kò sì síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí. Bí igi àkọ́kọ́ ní Port Amery bá dúró, ọ̀nà ṣí. Bí ó bá dùbúlẹ̀, ọ̀nà tì. Ọwọ́ ẹni tó gbìn ín nìkan ló sì lè dá a dùbúlẹ̀. Láyé àwọn bàbá wọn, ọ̀mùtí kan fi igi mélòó kan ṣeré, ó sún wọn kúrò láàyè wọn. Bàbá ọlọ́mọ kan tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ tọ àwọn igi náà lọ sí àárín adágún. Nígbà tí wọ́n máa fi rí i, ó ti gan bí pákó. Láti ọjọ́ náà, ẹni tí kì í ṣe olùtọ́jú igi kì í fọwọ́ kàn án. Ọmọdé tó bá fi ìbọ̀wọ́ rẹ̀ kọ́ ẹ̀ka rẹ̀ pàápàá á gbọ́ èébú tí kò ní gbàgbé.

Reino Rautio ló gbin igi yìí fún ogún ọdún ó lé. Wọ́n máa ń sọ pé Reino lè gbóòórùn ìjì. Irọ́ ni. Nínú òtútù tó ń mú irun imú dì kí ènìyàn tó mí lẹ́ẹ̀kejì, kò sí òórùn tí ẹnikẹ́ni lè gbọ́. Rédíò ni Reino ń gbọ́ bí gbogbo èèyàn. Ohun tó fi yàtọ̀ sí wọn kò ju pé bí rédíò bá sọ̀rọ̀ tán, á tún jáde lọ wò ó. Nígbà tó kú sórí àga rẹ̀ lóṣù kẹwàá, kò sẹ́ni tó bi ìyàwó rẹ̀ ní ìbéèrè kankan. Lẹ́yìn Kérésìmesì, wọ́n kàn bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ igi wá sẹ́nu ọ̀nà Helvi.

Ọmọ àgbẹ̀ ọ̀dùnkún ni Helvi, láti abúlé kan ní òdìkejì omi, níbi tí wọ́n ti ń sọ èdè Finland nínú ilé. Kò ju ọmọ ogún ọdún lọ nígbà tó fẹ́ Reino tó jẹ́ apẹja, tó sì bá a wọkọ̀ wá sí erékùṣù. Ó la ikùn ẹja nínú ahéré tí kò níná títí ìka méjì lọ́wọ́ òsì rẹ̀ kò fi mọ gbígbóná yàtọ̀ sí tútù mọ́. Kì í ṣe ẹni tó ń rẹ́rìn-ín káàkiri. Kọfí rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà. Bí ènìyàn bá bi í pé ṣé àlàáfíà ni, á ní, "Mi ò tíì kú."

Ní ìgbà òtútù kẹta tí Reino ti lọ, ilé mẹ́ta péré ni èéfín ń jáde lórí rẹ̀ ní gbogbo erékùṣù náà, méjì nínú wọn sì wà ní òpin ọ̀hún, lẹ́yìn igbó. Àwọn yòókù ti bá ọkọ̀ ojú omi tó kẹ́yìn lọ kí omi tó dì. Ilé tó ti dákẹ́ wà lápá ọ̀tún Helvi, òmíràn wà lápá òsì. Bí òtútù bá le, ìṣó á máa yọ nínú igi ògiri, á máa dún bí ìbọn. Kí òtútù má bàa pa á, bátìrì ọkọ̀ ń sùn nínú ilé lẹ́bàá àdògán bí ọmọ tuntun. Helvi wá bẹ̀rẹ̀ sí í dá ọkùnrin tó ń ka ojú ọjọ́ adágún nínú rédíò lóhùn. Bí ọkùnrin náà bá ní afẹ́fẹ́ á fẹ́ láti àríwá, Helvi á ní, "Ìwọ náà mọ̀ ọ́n." Bí ó bá ní omi tí ìgbì ń ta sókè á máa dì mọ́ ara ọkọ̀, Helvi á ní, "Kí wọ́n jókòó sílé wọn nígbà náà."

Lọ́jọ́ kan nínú oṣù kìíní, Wendell Denomie, tó ni ìsọ̀ kan ṣoṣo tó wà ní èbúté Port Amery, pè é lórí fóònù. Ó fẹ́ bi í bóyá yìnyín ti ki. Helvi la ẹnu láti dáhùn, ohùn kò jáde. Ó tún gbìyànjú, nǹkan kan há a lọ́fun, ó dún gìrọ̀ọ́.

"Ta lò ń fún lọ́rùn níbẹ̀ yẹn?" ni Wendell bi í.

"Èmi ni."

"Ohùn rẹ dà bí ilẹ̀kùn ahéré tí wọn ò ṣí láti ọdún tó kọjá. Ta lo bá sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn?"

Helvi ronú. Yàtọ̀ sí ti inú rédíò, kò rántí. Wendell rò pé ó ń ṣeré ni, ó rẹ́rìn-ín. Helvi gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó títí iná fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kú nínú àdògán. Ọjọ́ yẹn ló pinnu pé òun máa kúrò níbẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ohun tí Marlys ọmọ rẹ̀ ti ń bẹ̀ ẹ́ fún nìyẹn láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Reino. Marlys nìkan lọmọ tó bí, ó ń gbé ní Duluth, ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ oníṣègùn eyín. "Màámi, ẹ ta ilé yẹn kẹ́ ẹ máa bọ̀." Bí orin ló ṣe rí. Bí Marlys bá sì ti ní òun ń bọ̀ wá mú un lọ, Helvi á ní yìnyín kò dára, tàbí ìjì ń bọ̀, tàbí òjò dídì ti bo igi mọ́lẹ̀. Nígbà mìíràn òótọ́ ni. Nígbà tó pọ̀ jù, òòrùn ló ń ràn lórí yìnyín bí ojú dígí. Afẹ́fẹ́ ni ìyá yìí fi ṣe ilẹ̀kùn, gbogbo ará etí adágún ló mọ̀, Marlys náà sì mọ̀.

Nísinsìnyí tí yìnyín ti ki, tó sì ti gbin igi dé Port Amery, òun fúnra rẹ̀ ló pe ọmọ náà pé kó wá ní Sátidé. Kò sọ ìdí tó fi pè é. Ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ọ̀rọ̀ fóònù. Ó fẹ́ sọ ọ́ lórí tábìlì, kó máa wo ojú ọmọ rẹ̀. Ó ti di ẹrù sínú àpótí, ó fi aṣọ tábìlì àtijọ́ bò wọ́n kí Marlys má bàa rí wọn kó tó sọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, ó gbọ́n òjò dídì kúrò lára àwọn igi tó sún mọ́ ilé.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì yẹn náà ni rédíò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ ìjì. Wọ́n ti dẹ́kun kíka gíga ìgbì tó wà létí ilẹ̀, níwọ̀n ìgbà tó jẹ́ pé yìnyín ti bo ibẹ̀. Ti àárín adágún tó ṣì jẹ́ omi ni wọ́n ń kà: ìkìlọ̀ ìjì fún apá ìwọ̀-oòrùn, afẹ́fẹ́ tó ń ti gúúsù bọ̀ á yí padà, á fẹ́ láti àríwá ìwọ̀-oòrùn, òtútù líle á tẹ̀ lé e. Helvi kò dá ọkùnrin náà lóhùn lọ́tẹ̀ yìí. Títí ilẹ̀ fi mọ́ ni ilé ń ké, tí adágún sì ń dún lábẹ́ yìnyín bí ẹni tó ń ti àga wúwo kiri nínú yàrá ìsàlẹ̀.

Lówùúrọ̀ Sátidé, afẹ́fẹ́ rọlẹ̀ díẹ̀. Helvi wọ ìbọ̀sẹ̀ lé ìbọ̀sẹ̀, ó fi kóòtù Reino lé tirẹ̀, ó mú ọ̀pá irin tí wọ́n fi ń gún yìnyín wò, ó jáde. Òtútù náà gbá a lójú bí ìyá ìkà. Lókèèrè, níbi tí yìnyín parí sí, èéfín funfun ń rú sókè lórí omi bí ẹni pé adágún ń hó. Ó ń gún yìnyín níwájú ara rẹ̀ bó ṣe ń lọ. Ó dún gbì, ó dún gbì. Ó tọ àwọn igi náà lọ.

Lójijì, ó dúró.

Igi tó kàn kò sí níbi tó yẹ kó wà. Ó wà níbẹ̀ o, ó dúró ṣánṣán, àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ náà dúró ní ìlà bí ọmọ ilé ìwé. Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti yà sí apá ìlà-oòrùn pátápátá, bí eyín tó jáde kúrò nínú erìgì. Kì í ṣe igi ló rìn. Yìnyín tó gbé wọn dúró ló rìn. Afẹ́fẹ́ ti ti gbogbo pẹpẹ yìnyín àárín, ó ti ya kúrò lára èyí tó lẹ̀ mọ́ erékùṣù. Láàárín méjèèjì, òjò dídì ti fẹ́ bo ojú ibẹ̀, ó tẹ́ mẹ́rẹ́n, ó funfun bí aṣọ tábìlì. Helvi na ọ̀pá irin rẹ̀ síwájú, ó fi ṣọ́nṣó rẹ̀ tọ́ ọ. Kò dún gbì. Ó wọlé wọ̀ọ̀, omi dúdú sì rú jáde nínú ihò náà.

Ó wọ́ ẹsẹ̀ padà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Ó mọ ohun tí awakọ̀ tó bá ń ti Port Amery bọ̀ máa rí: igi, igi, igi, tó tò lọ rẹrẹ. Láti ọ̀hún, kò sí ohun tó yí padà. Ẹni náà á máa sáré bọ̀, á gbójú lé igi tó wà lẹ́bàá ilé Helvi, á sì gba orí aṣọ funfun náà kọjá.

Nígbà tó wọlé, kò bọ́ bàtà. Ó pe Duluth.

"Marlys, má wá o."

Ó gbọ́ tí ṣíbí ń kan ara ife.

"Kí ló tún ṣẹlẹ̀?"

"Yìnyín ti sán. Àwọn igi ti yà."

"Hẹn-ẹn. Afẹ́fẹ́."

"Afẹ́fẹ́ ni."

"Màámi, ẹ̀yin lẹ pè mí o! Èmi kọ́ ni mo pe ara mi. Mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo ti rọ epo sínú ọkọ̀, mo ti wọ bàtà sẹ́sẹ̀ báyìí. Ẹ dákun, kí ló dé tí afẹ́fẹ́ yín kì í fẹ́ lọ́jọ́ Mọ́ńdè?"

"Mo fojú ara mi rí i."

"Ẹ fojú ara yín rí ti Kérésìmesì náà. Wendell ní èèyàn ń fi bàtà lásán rìn kọjá lọ́jọ́ yẹn."

"Tìgbà yẹn nìyẹn."

"Kí ló yàtọ̀ nínú tòní?"

Ẹnu Helvi ti là. Ọ̀rọ̀ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀: mo ti di ẹrù, ọmọ mi, mo fẹ́ bá ọ lọ. Ó mọ̀ pé bí òun bá sọ ọ́, ọmọ náà á gbà á gbọ́. Ó sì mọ ohun tó máa tẹ̀ lé e. Marlys kò ní dúró láti de bọ́tìnì kóòtù rẹ̀. Ó ti lé lọ́dún méjì tó ti ń dúró de gbólóhùn yẹn. Bí ó bá gbọ́ ọ, á gun orí omi lásán wá kí ìyá rẹ̀ tó tún yí ọkàn padà. Helvi gbé ọ̀rọ̀ náà mì, bí ẹni tó gbé kọfí gbígbóná mì, tó sì ń jó o lọ títí dé ikùn.

"Kò sóhun tó yàtọ̀," ló wí. "Má ṣáà wá."

"Mo ń bọ̀," ni Marlys fèsì, ó sì gbé fóònù sílẹ̀. Nígbà tí ìyá rẹ̀ tún pè é, fóònù dún títí nínú ilé tí kò séèyàn.

Ìgbà yẹn, fóònù alágbèéká kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó bá ti wọ mọ́tò, ó ti wọ mọ́tò náà nìyẹn. Ọkọ̀ onífáànù tí wọ́n fi ń kó èèyàn sọdá nígbà tí yìnyín bá fẹ́lẹ́ sì wà ní títúpalẹ̀ nínú ahéré kan ní Port Amery, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà lórí tábìlì. Helvi mú rédíò olókun tí wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, èyí tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Gbogbo ilé tó wà létí adágún ló ní irú rẹ̀, wọn kì í sì í pa á. Wọ́n ń gbọ́ ara wọn láti àárọ̀ dalẹ́ bí ará ilé kan náà.

"Wendell. Helvi ni."

"Ìyàwó Reino! Mò ń gbọ́ ọ."

"Yìnyín ti sán lápá ọ̀dọ̀ mi. Ọ̀nà ti tì. Bá mi dá igi dùbúlẹ̀."

Kí Wendell tó fèsì, Orrin apẹja ti bọ́ sórí ìlà. Orrin kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá lẹ́bàá rẹ̀ láìfọwọ́ kàn án. "Màmá Helvi, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé Marlys ń bọ̀ ni?"

Ẹ̀rín bú jáde láti ilé mélòó kan.

"Orrin, pa ẹnu rẹ dé kí yìnyín má bàa wọ̀ ọ́."

"Ẹ má bínú, Màmá. Ṣùgbọ́n mo gbabẹ̀ lánàá, ó le ju ọkàn ìyàwó mi lọ."

"Mo gbọ́ o!" ni ohùn obìnrin kan ké láti ẹ̀yìn rẹ̀.

"Àná kì í ṣe òní," ni Helvi wí. "Wendell, ṣé o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀." Ohùn Wendell ti rọlẹ̀. "Helvi, o mọ̀ pé ọwọ́ mi kì í kan nǹkan yẹn. Ìwọ lo gbìn ín. Wá dá a dùbúlẹ̀."

"Ibo ni kí n gbà? Omi wà láàárín wa."

"Kí n lọ dúró síbẹ̀, kí n máa sọ fún wọn?"

"Ọjọ́ ìdíje ẹja pípa lórí yìnyín ni òní. Mélòó nínú wọn lo fẹ́ sọ fún? Marlys kò ní gba iwájú ìsọ̀ rẹ, ó mọ ọ̀nà ẹ̀yìn. Bó bá sì rí ọ, kò ní dá ọ lóhùn."

"Kò ní dá mi lóhùn lóòótọ́. Oríkunkun Reino ló gbé wá sáyé." Wendell mí kanlẹ̀. "Ṣùgbọ́n bí mo bá fọwọ́ kan igi tí kì í ṣe tèmi, àwọn apẹja gan-an ló máa tún un gbé dìde. Wọ́n á ní mo ti mutí yó."

Òótọ́ ló sọ. Helvi sì mọ̀ pé òótọ́ ni. Ó wo òde láti ojú fèrèsé, níbi tí àwọn igi tirẹ̀ wà, àti àwọn tó ti yà lọ. Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Wọ́n lè gbé igi fún ẹlòmíràn, bí ẹni tó ni ín bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ lójú gbogbo ayé. Bí wọ́n bá ti gbé e fúnni, kì í padà. Helvi ti ń rò ó pé lẹ́yìn tí òun bá ti bá Marlys sọ̀rọ̀ tán, àwọn á jọ gba ìsọ̀ Wendell lọ, wọ́n á mu kọfí, òun á sì gbé e fún un pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Igi yìí ló kù tó fi jẹ́ ẹnì kan létí adágún yẹn. Láìsí i, opó lásán ni, tó ń gbé níbi tí èèyàn kì í gbé mọ́.

"Wendell, mo gbé igi fún ọ."

"Ṣé o mọ ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ?" ni Wendell bi í.

"Kì í ṣe tòní nìkan. Gbogbo rẹ̀. Láti òní lọ, tìẹ ni. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbọ́, ẹ ti gbọ́."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Wendell ní, "Mo gbà á," ní ohùn ẹni tí wọ́n gbé ọmọ ọlọ́mọ lé lọ́wọ́. Helvi gbọ́ tí ilẹ̀kùn ìsọ̀ ṣí, ó gbọ́ tí ajá gbó, tí ilẹ̀kùn tún padé. Ó dúró ti rédíò náà. Nígbà tí Wendell máa padà dé, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ó ti sùn," ló wí. "Mo fi àáké gé e nídìí, kò fẹ́ lọ."

Kò pẹ́ púpọ̀ sígbà yẹn ni mọ́tò pupa kan gba ọ̀nà ẹ̀yìn wá sí etí yìnyín. Wendell ló ròyìn rẹ̀ lẹ́yìn náà, ó sì ṣeé ṣe kó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i. Ó ní Marlys rí igi tó dùbúlẹ̀, ó bú èébú kan tí òun kò ní tún sọ, ó sì yí ọwọ́ ọkọ̀ láti gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Wendell bọ́ síwájú ọkọ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé iwájú ọkọ̀ náà.

"Ẹ kúrò lọ́nà, Wendell. Ìyá mi àti igi rẹ̀!"

"Kì í ṣe igi rẹ̀ mọ́. Èmi ni mo ni ín. Ó gbé e fún mi láàárọ̀ yìí, lórí rédíò, gbogbo ayé ló gbọ́."

Marlys pa ẹ́ńjìnnì. Ó mọ irú ẹni tí ìyá òun jẹ́. Ó lè fi afẹ́fẹ́ parọ́ láti àárọ̀ dalẹ́. Ṣùgbọ́n kò sí irọ́ láyé yìí tí á torí rẹ̀ gbé igi Reino sílẹ̀.

Marlys tọ Wendell lọ sí ìsọ̀ rẹ̀, kò sì pẹ́ tí rédíò tó wà lẹ́bàá fèrèsé Helvi fi sọ̀rọ̀.

"Màámi."

"Marlys."

"Ṣé lóòótọ́ lẹ gbé igi fún Wendell?"

"Mo gbé e fún un."

"Gbogbo rẹ̀?"

"Gbogbo rẹ̀."

Gbogbo etí adágún ló ń gbọ́, gbogbo wọn ló sì ń mí jẹ́jẹ́ kí wọ́n má bàa mọ̀ pé àwọn ń gbọ́.

"Ibi tó sán yẹn, ṣé ó fẹ̀?"

"Bàbá rẹ kò ní lè fò ó."

"Ṣé ẹ nígi ìdáná?"

"Mo ní."

"Ṣé epo fìtílà wà, bí iná bá lọ?"

"Ó wà."

"Ẹ má jáde mọ́ lónìí."

"Mi ò ní jáde."

"Màámi, mi ò..." Ẹnì kan húkọ́ sórí ìlà.

"Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ̀yin aláìnítìjú!" ni Wendell pariwo. Ṣùgbọ́n Marlys ti gbé rédíò náà sílẹ̀. Helvi dúró sójú fèrèsé, ó ń wo ọ̀kánkán Port Amery. Òjò dídì ń fẹ́ kiri lójú yìnyín, kò rí mọ́tò, kò rí èèyàn, kò tilẹ̀ rí ilẹ̀. Ó ti ń lọ sí ọdún kan tó ti rí ọmọ náà kẹ́yìn. Máìlì méjì ló wà láàárín wọn, kò sì mọ àwọ̀ kóòtù tó wọ̀.

Bóyá yìnyín ibẹ̀ ì bá ti gbé mọ́tò Marlys, kò sẹ́ni tó lè sọ, nítorí kò sẹ́ni tó dán an wò. Orrin ṣì ń sọ títí di òní pé mọ́tò kékeré tó bá sáré lè fò ó. Ohun tí ojú rí nìyí: lọ́sàn-án ọjọ́ náà, afẹ́fẹ́ tún dìde láti àríwá ìwọ̀-oòrùn, pẹpẹ yìnyín àárín sì gbéra. Kò pariwo. Ó kàn ń lọ ni, bí ọkọ̀ ńlá tó ń kúrò ní èbúté, pẹ̀lú gbogbo igi tó wà lórí rẹ̀. Wọ́n dúró ní ìlà wọn, wọn kò tẹ̀, wọ́n ń lọ sínú èéfín funfun tó wà lójú omi. Helvi wò wọ́n títí tí èyí tó kẹ́yìn fi wọ inú rẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹnì kan láti apá Michigan sọ pé òun rí igbó tó ń rìn lórí adágún. Ọtí wà nínú ìtàn yẹn, ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ síbẹ̀.

Níbi tí ọ̀nà wà tẹ́lẹ̀, omi dúdú ló kù. Ó di ìgbà tí yìnyín bá tún dì, bí ó bá dì rárá, tàbí oṣù kẹrin tí ọkọ̀ ojú omi máa ń bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó lè sọdá. Helvi fi igi sínú àdògán. Ó ṣẹ́ ẹja tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀ sínú ìkòkò pẹ̀lú ọ̀dùnkún. Ó ń rò ó pé Marlys ti padà délé pẹ̀lú ìbínú, pé ó di Sọ́ńdè tó ń bọ̀, bóyá, kí fóònù tó tún dún.

Ìrọ̀lẹ́ náà ló dún.

"Mo ti délé," ni Marlys wí.

"Ó dára bẹ́ẹ̀."

"Wendell ní yìnyín ti lọ."

"Ó ti lọ."

"Màámi, kí lẹ fẹ́ sọ fún mi tẹ́ ẹ fi ní kí n wá?"

Helvi jókòó. Kò sí tábìlì láàárín wọn, kò sì sí ojú tó lè wò. "Mo fẹ́ bá ọ lọ ni. Mo ti di ẹrù."

"Ìgbà wo?"

"Láti àárín ọ̀sẹ̀."

"Nígbà tí mo bi yín láàárọ̀ pé kí ló yàtọ̀, kí ló dé tẹ́ ẹ ò sọ?"

"Ìwọ ì bá ti wá."

Marlys kò sọ pé òun dúpẹ́, kò sì sọ pé òun gbà. Helvi gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ fọn imú.

"Kí lẹ fẹ́ jẹ lálẹ́ yìí?"

"Ẹja àti ọ̀dùnkún."

"Èmi náà ò tíì jẹun. Ẹ lọ bù ú wá. Ẹ má gbé fóònù sílẹ̀ o."

Helvi fi fóònù lé orí tábìlì, ó bu oúnjẹ, ó padà wá jókòó tì í. Ó gbọ́ tí àga kan wọ́ nílẹ̀ ní Duluth. Ó gbọ́ tí àwo kan wọlẹ̀, tí fọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀ sí í dún lára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń lu ògiri, Helvi ń jẹun, etí rẹ̀ wà lẹ́bàá fóònù.

"Iyọ̀ ti pọ̀ jù," ló wí nígbà tó yá.

"Ẹ bu omi sí i," ni Marlys dáhùn, oúnjẹ wà lẹ́nu rẹ̀.